Ṣé kí n da àwọn lẹ́tà ìtanràn mọ́tò wọ̀nyí nù, àbí kí n san wọ́n?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìbàdàn ni mo ti wá, Thamesmead ní London ni mò ń gbé báyìí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe, láti ojúlé dé ojúlé, tọ̀sán-tòru. Bí kò bá sí mọ́tò, kò sí iṣẹ́. Mo ra dísẹ̀lì ọdún 2013 lọ́wọ́ ẹnì kan, láísẹ́ńsì Nàìjíríà ni mo fi ń wà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́tà mẹ́ta wọlé. Káńsù ní mo wọ ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ní mo pẹ́ jù níbẹ̀. Ọlọ́pàá ní mo sáré. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù, pé tí wọ́n bá kọ̀wé tó sú wọn, wọn á jáwọ́. Ìyàwó mi ní kí n san gbogbo rẹ̀ kí ọkàn wa lè balẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Àbí ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn gbé kámẹ́rà kalẹ̀ láti máa fi gba owó lọ́wọ́ wa ni?

* * *

Ẹ má da ìkankan nù, ẹ má sì tíì san ìkankan. Ẹ tẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, kí ẹ wo ẹni tó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Òfin tó gbé ti ọlọ́pàá dúró yàtọ̀ sí ti káńsù, ti ilé iṣẹ́ ìgbọ́kọ̀sí sì tún yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tó bá fi ojú kan náà wo gbogbo wọn ni yóò san èyí tí kò yẹ kó san, tí yóò sì ju èyí tó lè gba láísẹ́ńsì lọ́wọ́ rẹ̀ sínú ìdọ̀tí.

Ti ọlọ́pàá ni ká kọ́kọ́ mú, torí òun ló le jù. Ìwé yẹn kò tíì bu owó kankan lé yín. Ìbéèrè ló ń béèrè: ta ló wa mọ́tò náà lọ́jọ́ yẹn? Ọjọ́ 28 lẹ ní láti fi dáhùn. Bí ẹ bá dákẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni ìdákẹ́ yẹn fúnra rẹ̀: póìntì ìjìyà 6 lórí láísẹ́ńsì, àti owó ìtanràn tó lè tó £1,000. Bẹ́ẹ̀, eré tí ẹ sá gan-an lè má ju £100 àti póìntì 3 lọ. Bí eré náà kò bá pọ̀, bíi máìlì 35 sí 42 níbi tí wọ́n ti ní kí a má kọjá 30, wọ́n sábà máa ń fún èèyàn láàyè láti lọ jókòó ní kíláàsì lórí ewu eré sísá. Á san owó kíláàsì, ṣùgbọ́n kò ní gba póìntì, bí kò bá ti ṣe irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Ẹni tó da ìwé rẹ̀ nù ti da àǹfààní yẹn nù pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹnì kan lè dá a lábàá pé kí ẹ kọ orúkọ ẹlòmíràn síbẹ̀, ẹni tí kò ní póìntì rárá. Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn yẹn létí ara mi ní ibi ayẹyẹ. Ẹ sá fún un. Chris Huhne jẹ́ aṣòfin, ó sì ti ṣe mínísítà ní ilẹ̀ yìí. Ìyàwó rẹ̀, Vicky Pryce, ló gba póìntì eré tí Huhne sá ní títì ńlá M11 ní ọdún 2003. Nígbà tí àṣírí tú, oṣù mẹ́jọ ni ilé ẹjọ́ rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sẹ́wọ̀n ní oṣù Kẹta 2013. Mínísítà nìyẹn o.

* * *

Ẹnì kan ti dáhùn pé òun kò san tíkẹ́ẹ̀tì ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀bù rí, pé lẹ́tà pupa á dé, lẹ́tà dúdú á dé, kò sì sí ohun tó máa ń tẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti kín in lẹ́yìn.

Mo gbà pé òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ lórí òótọ́ yẹn. Nígbà kan, ẹni tó wa mọ́tò nìkan ni ilé iṣẹ́ wọ̀nyí lè bá ṣẹjọ́, wọn kò sì mọ ẹni tó wà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi irin de táyà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2012, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ ní England àti Wales: ó fòfin de irin táyà lórí ilẹ̀ aládàáni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí wọ́n lè máa lépa ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni ti Barry Beavis. Ní oṣù Kẹrin 2013, ó gbé mọ́tò sí ibi ìtajà kan ní Chelmsford tó jẹ́ wákàtí méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó fi ìṣẹ́jú 56 kọjá. ParkingEye bu £85 lé e. Ó ní owó yẹn ti pọ̀ jù, ó gbé e dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kọkànlá 2015 wọ́n sì dá a lẹ́bi. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó ń sọ pé "kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe" ń fi ìmọ̀ràn ayé àtijọ́ ti èèyàn sí wàhálà.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Lẹ́tà àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ £100, £60 bí o bá san án láàárín ọjọ́ 14. Lẹ́yìn rẹ̀ ni agbowó gbèsè á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Agbowó gbèsè kò lágbára kankan, kò lè wọlé yín, kò lè gbé tẹlifíṣọ̀n. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé gbogbo ìwé tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ náà kò lágbára. Nígbà tí ìwé ilé ẹjọ́ gidi bá dé, wọ́n á tún jù ú nù. Adájọ́ á dá ẹjọ́ náà láìsí wọn níbẹ̀, ẹjọ́ gbèsè náà á sì wà lórí àkọsílẹ̀ wọn fún ọdún mẹ́fà, àfi bí wọ́n bá san án láàárín oṣù kan. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ní i bó ṣe rí kó tó rí ilé gbà, tàbí kó tó rí owó yá ní báńkì láti fi ra ilé.

Síbẹ̀, mi ò sọ pé kí ẹ sáré san án. Kámẹ́rà méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ní àbáwọlé, ọ̀kan ní àbájáde. Ìgbà tí ẹ wọlé àti ìgbà tí ẹ jáde ló ń kà, kì í ṣe ìgbà tí mọ́tò dúró sójú kan. Mo bá aládùúgbò mi kan kọ ìwé lórí irú rẹ̀. Sátidé ni, mọ́tò tò láti ẹnu ọ̀nà dé inú, ó sì ní láti tú kẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ palẹ̀ kó tó lè gbé e sínú bọ́ọ̀tù. Rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ rẹ̀, aago tó sanwó wà lórí rẹ̀. A kọ́kọ́ lọ bá máníjà ṣọ́ọ̀bù náà, ká tó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìgbọ́kọ̀sí rárá. Máníjà yẹn ló ní kí wọ́n fagi lé e. Ẹ gbìyànjú ìyẹn ná. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ kọ ẹ̀hónú sí ilé iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, wọ́n ní láti sọ fún yín ibi tí ẹ lè gbé e lọ, bóyá POPLA tàbí IAS, àwọn méjì tó ń gbọ́ ẹ̀hónú lórí tíkẹ́ẹ̀tì aládàáni, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tí wọ́n bá wà. Kí ẹ tún wo ọjọ́ tí ìwé náà kọ́kọ́ dé: fún tíkẹ́ẹ̀tì kámẹ́rà, ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ onímọ́tò láàárín ọjọ́ 14 kí wọ́n tó lè fi òfin 2012 yẹn mú un.

* * *

Ohun tí ẹ kò béèrè ló ń bà mí lẹ́rù jù. Dísẹ̀lì 2013 lẹ sọ.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ 2023, gbogbo àdúgbò London ló ti wà nínú ULEZ, ìyẹn agbègbè tí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ burú ti ń san owó lójúmọ́, Thamesmead náà sì wà níbẹ̀. Pẹtiróòlù tó bá dé ìpele èéfín Euro 4 kò san nǹkan kan, èyí sì kó ọ̀pọ̀ mọ́tò tó jáde láti 2006 mọ́ra. Ṣùgbọ́n dísẹ̀lì gbọ́dọ̀ dé Euro 6, èyí tó wọ́pọ̀ láti oṣù Kẹsàn-án 2015. Àfàìmọ̀ kí tiyín má wà lára àwọn tó yẹ kó máa san £12.50 lójúmọ́, lójoojúmọ́, àyàfi ọjọ́ Kérésìmesì. Ẹ tẹ nọ́ńbà mọ́tò yín sórí ojú ewé TfL, àjọ ìrìnnà London, lónìí, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ òru, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Aago méjìlá òru ni ọjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ lójú ULEZ, aago méjìlá òru tó tẹ̀ lé e ló sì parí. Ẹni tó gbé mọ́tò jáde ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lọ bá arúgbó tó ń tọ́jú, tó sì wà á padà sílé ní aago mẹ́fà àárọ̀, ọjọ́ méjì ló máa san: £25 fún iṣẹ́ alẹ́ kan ṣoṣo. Bí owó iṣẹ́ wákàtí méjì nìyẹn fún ẹni tó ń gba owó tó kéré jù lófin. Ẹ lè san án di òru ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ẹ wakọ̀. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, £180 ni, £90 bí ẹ bá tètè san án láàárín ọjọ́ 14. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti ń wà á láti ọjọ́ yìí láìsan, lẹ́tà kẹrin, ìkarùn-ún ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ ta mọ́tò yẹn. Mo ti rí pẹtiróòlù 2007 tí kò lẹ́wà, táyà rẹ̀ dáa, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dáa, tó ń rìn káàkiri London láìsan kọ́bọ̀, tí dísẹ̀lì 2014 tó ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ń jẹ olówó rẹ̀ run. Kí ẹ tó san owó fún èyíkéyìí, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ wo ìtàn MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí mọ́tò ń ṣe, lórí ojú ewé ìjọba. Gbogbo ìgbà tó kùnà àyẹ̀wò ló wà níbẹ̀, àti máìlì tó ti rìn lọ́dọọdún. Bí máìlì bá lọ sókè títí tó wá ṣàdédé wálẹ̀, ẹ yí ẹ̀yìn padà.

* * *

"Olè ni wọ́n, owó lásán ni ULEZ." Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ nínú yín ń sọ. Mi ò lè gbà á báyẹn.

Ella Adoo Kissi-Debrah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ikọ́ ẹ̀fúùfù pa á ní oṣù Kejì 2013. Ẹ̀bá títì ńlá South Circular ní Lewisham ni wọ́n ń gbé. Ní oṣù Kejìlá 2020, Philip Barlow tó ń wádìí ikú rẹ̀ kéde pé afẹ́fẹ́ ẹlẹ́gbin wà lára ohun tó pa á. Kò tíì sí ẹni tí wọ́n kọ irú rẹ̀ sí ìwé ikú rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí ṣáájú ọmọ yẹn. Ẹ wo ibi tí àwa náà ń gbé: Old Kent Road, ẹ̀gbẹ́ A2, ẹ̀gbẹ́ A13 ní Dagenham. Fèrèsé yàrá àwọn ọmọ wa ló kọjú sí títì wọ̀nyẹn. Ọ̀rọ̀ èéfín dísẹ̀lì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan.

Ibi tí mo ti gbà pẹ̀lú yín ni pé àwọn tó ń gbá ọ́fíìsì lóru, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tí bọ́ọ̀sì kò dé ọ̀dọ̀ wọn ní aago márùn-ún àárọ̀, ni ẹrù náà wúwo sí jù. Owó ìrànwọ́ láti fi pààrọ̀ mọ́tò wà nígbà kan, ó sì ti parí ní 2024. Ó yẹ kí wọ́n ṣí i padà fún irú àwọn òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sì tún gbà pé tí kámẹ́rà kan bá ń mú èèyàn rẹpẹtẹ lójoojúmọ́ ní oríta kan ṣoṣo, oríta yẹn ni kò dára. Ẹ̀yin tí ẹ ti yà sí òpópónà tí wọ́n dí fún mọ́tò mọ ohun tí mò ń sọ: pátákó náà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tí ẹ ti yà tán lẹ tó lè kà á, mọ́tò mìíràn sì ti wà lẹ́yìn yín. Káńsù tó ń ká owó níbẹ̀ lọ́dọọdún láìsún pátákó yẹn síwájú ń ṣe ohun tí kò tọ́, ó sì yẹ ká máa sọ ọ́ fún wọn ní ìpàdé wọn.

Oríta mìíràn tí kámẹ́rà ti ń mú èèyàn ni èyí tí wọ́n fi ìlà yẹ́lò ya onígun mẹ́rin sí: ẹ má wọ inú rẹ̀ àfi tí àyè tí mọ́tò yín máa bọ́ sí lódìkejì bá ti ṣófo. Ẹni tó fẹ́ yà sí ọ̀tún, tó jẹ́ pé mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú, tàbí àwọn mìíràn tó ń dúró láti yà sí ọ̀tún, nìkan ló dá a dúró, lè dúró nínú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ni.

* * *

Àwọn kan tún ń ráhùn lórí títì tí wọ́n ti ní kí a má kọjá máìlì 20 ní wákàtí kan. Ní Wales, ọjọ́ 17 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọ́n sọ ọ̀pọ̀ títì àárín ìlú tó jẹ́ 30 di 20, àwọn tó lé ní 460,000 sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́. Mo mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ń sáré àti dé ilé aláìsàn mẹ́fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìwé òfin ìrìnnà wọn: bí o bá ń wa 30, mítà 23 ni mọ́tò máa rìn kó tó dúró. Bí o bá ń wa 20, mítà 12 ni. Ọmọ tó ṣàdédé já sí títì láàárín mọ́tò méjì tí wọ́n gbé kalẹ̀, inú mítà 11 yẹn ló wà. Níwájú ilé ẹ̀kọ́ àti láàárín ilé, 20 dára. Ohun tí mò ń bá wọn jà lé ni kí wọ́n fi 20 sí títì gbọ̀ọ̀rọ̀ tí kò sí ilé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kámẹ́rà wá dúró sí ìsàlẹ̀ òkè.

* * *

Ẹni tó béèrè bóyá káńsù máa san owó táyà rẹ̀ tí kòtò ojú títì bẹ́: òfin Highways Act ti 1980 ní káńsù gbọ́dọ̀ tọ́jú títì. Ṣùgbọ́n abala 58 inú òfin kan náà jẹ́ kí wọ́n bọ́, bí wọ́n bá fi hàn pé àwọn ń yẹ títì náà wò déédéé, tí wọn kò sì mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa fi tó wọn létí lórí ojú ewé wọn nígbà tí kòtò ṣì kéré, kó tó bẹ́ táyà ẹnikẹ́ni. Ní gbàrà tí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, wọn kò lè sọ mọ́ pé àwọn kò gbọ́. Ẹ ya fọ́tò pẹ̀lú bàtà tàbí rúlà nínú rẹ̀ kí jíjìn rẹ̀ lè hàn, ẹ tọ́jú rìsíìtì táyà.

* * *

Láísẹ́ńsì Nàìjíríà ńkọ́? Oṣù 12 péré lẹ lè fi wakọ̀ láti ọjọ́ tí ẹ ti di ará ilé níbí. Nàìjíríà kò sí lára orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń bá ṣe pàṣípààrọ̀, ìdánwò lẹ máa ṣe. Ẹnì kan ní bàbá òun wakọ̀ ní Èkó láti ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó bí ẹni tó ń dán an wò. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá. Àwọn tó ti ń wakọ̀ kí ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 tó dé, nígbà tí Nàìjíríà kó kúrò ní apá òsì títì lọ sí ọ̀tún, tilẹ̀ ti wa apá tí wọ́n ń wà níbí. Ṣùgbọ́n òfin kò yọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Bí oṣù 12 bá pé láìsí láísẹ́ńsì tibí, ìnṣọ́ránsì yín lè di asán, mọ́tò sì lè wọ ọgbà ọlọ́pàá.

Ẹ gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́ nísinsìnyí, torí ìdánwò orí títì ń pẹ́ kéèyàn tó rí ọjọ́. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà: ìbéèrè 50, ẹ gbọ́dọ̀ gba 43, fídíò ewu ojú títì: 44 nínú 75. Bí ẹ bá gba láísẹ́ńsì tán, ẹ ṣọ́ra fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Póìntì 6 láàárín rẹ̀, wọ́n á gbà á padà, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìwé akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ rántí pé dídi fóònù mú nígbà tí ẹ ń wakọ̀ jẹ́ póìntì 6 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

* * *

ẸNI TÓ BÉÈRÈ

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti wò ó. Fọ́tò káńsù fi mọ́tò mi hàn lọ́nà bọ́ọ̀sì ní 10:06 òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo padà lọ wo pátákó ibẹ̀: aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́. TfL ní mọ́tò mi kò dé ìpele. Ohun kan tún wà: ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Abbey Wood ni àdírẹ́sì tó wà lórí logbook, ìwé mọ́tò náà. Òun ló máa ń kó lẹ́tà wá fún mi tó bá ráyè.

* * *

"Tó bá ráyè" yẹn ló máa dá gbèsè sí yín lọ́rùn. Àdírẹ́sì orí logbook ni káńsù, ọlọ́pàá àti TfL ń kọ̀wé sí, ọjọ́ wọn sì ti ń kà kí ẹ̀gbọ́n yín tó ráyè. Àwa tí à ń kó láti yàrá kan sí òmíràn ni èyí ń pa jù. Mo ti rí ẹni tó jẹ́ pé bailiff, agbowó tí òfin fún láṣẹ láti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù, tó wá sí ilẹ̀kùn ló fi mọ̀ pé òun jẹ gbèsè: káńsù ti fi ìdajì lé owó náà, ó ti wọ Northampton níbi tí wọ́n ti ń forúkọ irú gbèsè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sì wà lórí àtẹ̀gùn ilé tó ti kó kúrò. Ẹ yí àdírẹ́sì padà lórí ojú ewé DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, lálẹ́ yìí. Ọ̀fẹ́ ni, àìyí i padà lè mú £1,000 wá. Kí ẹ yí ti ìnṣọ́ránsì náà padà. Ẹni tó bá ń fi àdírẹ́sì ìbátan lo ìnṣọ́ránsì kó lè dínkù, ọjọ́ ìjàǹbá ni ilé iṣẹ́ náà máa wádìí rẹ̀.

Ti káńsù: ẹ má san án. 10:06 ti kọjá àkókò pátákó. Ẹ kọ ọ́ sí wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ náà kò ṣẹlẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fi fọ́tò wọn àti fọ́tò pátákó náà mọ́ ọn, ojú pátákó kí ó hàn, orúkọ títì kí ó hàn. Ẹ ṣe é kí ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ láti san ìdajì owó náà tó pé. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé e lọ sí London Tribunals, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀hónú lórí tíkẹ́ẹ̀tì káńsù. Kò gba owó lọ́wọ́ yín.

Ti ṣọ́ọ̀bù: máníjà ni kẹ́ ẹ lọ bá lọ́la, pẹ̀lú rìsíìtì.

Ti ọlọ́pàá: orúkọ yín gan-an, nọ́ńbà láísẹ́ńsì yín, ìbuwọ́lùwé. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé ẹ fi í ránṣẹ́. Wọn kì í gba owó fún un.